Ṣé ìtìjú ló kó àwọn géè aláwọ̀ dúdú sínú ilé, táwọn òyìnbó wọn fi wà ní báà?

Mọ́rẹ̀nikẹ́_A

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ka ìtàn àwọn géè àti lẹ́sbíánì láwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, torí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ níwájú kíláàsì wa, nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ibi yòówù kí n yà sí, Stonewall, báà àwọn géè ní New York tí wọ́n ti bá ọlọ́pàá jà ní 1969, ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ilé ọtí yìí, ilé ọtí tọ̀hún, ọlọ́pàá ya wọ báà yìí, wọ́n ti báà tọ̀hún pa. Ó dáa. Àmọ́ tí mo bá ti débi tí ìtàn kan àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ á kúrò ní báà, á di pálọ̀ ẹnì kan, á di gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà fún alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, á di etí omi táwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí di ìdájí.

Mo sọ èyí ní kíláàsì, ẹnì kan dìde, ó ní kò ju ìtìjú lọ, pé àwọn dúdú bẹ̀rù ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bẹ̀rù mọ̀lẹ́bí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara pamọ́ sínú ilé nígbà táwọn òyìnbó ti gbójú jáde sí gbangba. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu já a, mo kàn jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ. Owó ńkọ́? Ọlọ́pàá ńkọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí dúdú náà ni wọ́n ń ṣe sí funfun? Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn, ìtàn ni mo ń bèèrè.

Àkàndé_Onítàn

Mọ́rẹ̀nikẹ́, ìbéèrè gidi lo bèèrè, má sì jẹ́ kí ẹni yẹn fi ọ̀rọ̀ ìtìjú pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Sọ fún un kó kọ́kọ́ lọ wo owó ilé ná.

Ẹ jẹ́ ká mú Harlem ní New York. Láti nǹkan bí ọdún 1910 lọ làwọn aláwọ̀ dúdú ti ń rọ́ kúrò ní gúúsù lọ sáwọn ìlú ńlá lápá àríwá, wọ́n débẹ̀ tán, àdúgbò díẹ̀ péré ni láńlọ́ọ̀dù ti ń gbà kí wọ́n háyà ilé. Torí pé wọn ò ríbòmíì lọ, láńlọ́ọ̀dù á bu owó lé wọn ju ti òyìnbó tó ń gbé irú ilé kan náà, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ wọn ò tó tòyìnbó. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Tó bá di alẹ́ Sátidé, wọn á kó àga kúrò ní pálọ̀, wọn á pe ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀, wọn á gbowó lẹ́nu ọ̀nà, wọn á ta oúnjẹ àti ọtí, owó tó bá wọlé níbẹ̀ ni wọ́n máa kó fún láńlọ́ọ̀dù tí réǹtì bá pé. Wọ́n tiẹ̀ máa ń tẹ káàdì pélébé tí wọ́n á pín kiri àdúgbò. Langston Hughes, akéwì yẹn, kó púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà jọ, wọ́n wà nípamọ́ ní Yunifásítì Yale.

Pálọ̀ tó ń wá owó réǹtì yẹn, òun gan-an ni báà fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Wọn ò sá síbẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wà lálẹ́ Sátidé, àwọn náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ará àdúgbò. Ẹ sì rántí pé òfin fi de títa ọtí láti 1920 títí di 1933, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ra ọtí mu nígbà yẹn tí kì í ṣe ní ìkọ̀kọ̀, olówó ni o, mẹ̀kúnnù ni o. Wọ́n tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní buffet flat, ilé ẹnì kan tí aláwọ̀ dúdú tó rìnrìn àjò lè sùn sí torí òtẹ́ẹ̀lì ò gbà á, nígbà tó yá ọ̀pọ̀ nínú wọn di ilé fàájì, tẹ́tẹ́ ní yàrá kan, orin ní yàrá kejì, àwọn géè náà sì ní àyè tiwọn níbẹ̀.

Cotton Club, kíláàbù orin kan, wà láàárín Harlem gan-an. Dúdú ló ń kọrin, dúdú ló ń jó, òyìnbó ni wọ́n ń gbà láyè kó jókòó wòran. Nínú àdúgbò àwọn dúdú fúnra wọn o! Ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà báyẹn, ẹ tún wá ń pè é ní onítìjú?

Tó bá sì jẹ́ ti ìgboyà lẹ ń wá, ẹ lọ wo Gladys Bentley. Clam House ti Harry Hansberry ní Òpópónà 133 ló ti ń tẹ dùùrù, obìnrin bàǹtàbanta nínú kóòtù funfun báláú àti fìlà gíga, á mú orin tí gbogbo ayé mọ̀, á yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà sí ti àlùfàǹṣá, á máa ṣẹ́jú sí àwọn obìnrin tó jókòó níwájú. Òyìnbó olówó á wọ mọ́tò wá láti ìsàlẹ̀ ìlú wá wò ó. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n padà sí àdúgbò tí láńlọ́ọ̀dù ò ti ní dá aláwọ̀ dúdú lóhùn.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò lè fò. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kan, Hamilton Lodge, bẹ̀rẹ̀ ijó ńlá ìparadà kan tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù ní 1869, nígbà tó fi máa di 1920 lọ sókè, gbọ̀ngàn ńlá Rockland Palace ní Òpópónà 155 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọkùnrin nínú gáùn sílíkì tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, dúdú àti funfun, tó wá wòran. Òfin New York kan wà láti 1845 tó ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ para dà nígboro, àwọn àgbẹ̀ tó ń bá onílẹ̀ jà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, wọ́n wá ń fi mú ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti gba ìwé àṣẹ fún bọ́ọ̀lù ìparadà, òfin fàyè gba ohun tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ọlọ́pàá á tún dúró síbẹ̀ ṣọ́ wọn. Tó bá di ìdájí tí ẹni yẹn gbé ẹsẹ̀ kan lé títì pẹ̀lú gáùn kan náà, ó ti di arúfin. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni kó o sọ fún kíláàsì yín.

Bísí_Agbẹjọ́rò

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá Àkàndé. Ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ibi láísẹ́ǹsì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìwé pa èèyàn.

Nígbà tí ọtí padà bófin mu, New York dá àjọ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọtí sílẹ̀ ní 1934. Òfin ní ilé ọtí ò gbọ́dọ̀ di ilé ìdàrúdàpọ̀. Ó dáa, ta ni oníjàgídíjàgan? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí géè bá ti pọ̀ nínú báà, tí ọkùnrin bá bá ọkùnrin jó, ìyẹn nìkan ti tó láti pè é ní ìdàrúdàpọ̀, kódà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́. Báà á pàdánù láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, oníṣòwò tó ní ìyàwó àti ọmọ, tó fi gbogbo owó ẹ̀ sínú ilé ọtí, ṣé ó máa tà fún wọn? Ó máa lé wọn jáde ni. Ẹni tó kù tó máa gbà wọ́n ni ẹni tó ti ń rú òfin tẹ́lẹ̀, bí máfíà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀daràn, ṣe gba òwò náà nìyẹn o. Òfin fúnra ẹ̀ ló kó wọn lé máfíà lọ́wọ́.

Stonewall tí gbogbo ayé ń sọ, máfíà ló ṣí i fún àwọn géè ní 1967. Kò ní láísẹ́ǹsì ọtí, wọ́n ní kíláàbù aládàáni ni, pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé ìgò tiẹ̀ wá. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn tí ẹ̀ṣọ́ máa ń yọjú wo èèyàn níbẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn, èèyàn á kọ orúkọ sínú ìwé, orúkọ irọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí omi ẹ̀rọ lẹ́yìn káńtà, inú bááfù omi kan náà ni wọ́n ti ń ṣan gbogbo ife. Dọ́là mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ń gba owó ẹ̀yìn, torí náà wọ́n sábà máa ń ta wọ́n lólobó kí wọ́n tó wá, iná funfun á tàn lójijì, gbogbo ẹni tó ń jó á jáwọ́ lára ara wọn.

Ẹ wá wo bí owó àti aṣọ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 21 oṣù kẹrin 1966, àwọn ọkùnrin Mattachine Society kan, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn géè, jáde láti lọ dán òfin yẹn wò. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, àwọn oníròyìn ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á wọ báà, wọ́n á sọ pé géè làwọn, pé àwọn wà létòlétò, kí wọ́n ta ọtí fún àwọn. Ibi méjì kan tà fún wọn láìjanpata. Nígbà tí wọ́n dé báà kan tó ń jẹ́ Julius', ẹni tó ń ta ọtí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife, fọ́tò ọwọ́ yẹn ṣì wà títí dòní. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ó gba ọkàn. Àmọ́ kóòtù àti táì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń sùn lójú títì, tí kò ní ju ṣòkòtò kan lọ, kò lè bá wọn dé ibẹ̀ kó ní òun wà létòlétò, ọlọ́pàá ti mú un kó tó dé kọ́nà.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó dúró nígbà tí ọlọ́pàá ya wọ Stonewall ní ìdájí 28 oṣù kẹfà 1969. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló pọ̀ jù nínú báà yẹn, ẹ má jẹ́ ká purọ́, àmọ́ Marsha P. Johnson, aláwọ̀ dúdú, àti Sylvia Rivera tí ìdílé ẹ̀ wá láti Puerto Rico àti Venezuela, wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjà ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní 1970 àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ STAR sílẹ̀, wọ́n wá ilé fáwọn ọmọ trans, àwọn tí kò gbé ayé bí akọ tàbí abo tí wọ́n bí wọn sí, tí kò nílé. Ní 1973, níbi ìpàdé ńlá àwọn géè ní Washington Square Park ní New York, Rivera gun orí pèpéle láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, àwọn èrò hó lé e lórí. Àwọn géè ẹgbẹ́ ẹ̀ ló hó lé e lórí o. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wo fídíò ẹ̀.

Túndé_Chi

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ mo fẹ́ tako nǹkan kan díẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi pálọ̀ ṣe ọ̀run rere. Bọ̀dá Àkàndé, bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹni tó bá kà á á rò pé téèyàn bá ti wà nínú ilé, ó bọ́ nìyẹn. Kò bọ́ o.

Ní 1925, ní Chicago, ọlọ́pàá ya wọ ibi tí Ma Rainey, gbajúmọ̀ olórin blues, ti ń ṣe pátì pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n sì mú un. Ma Rainey tí àwọn èèyàn ń sanwó wá gbọ́ orin ẹ̀! Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní New York, wọ́n mú Mabel Hampton nínú ilé, ọmọbìnrin oníjó tó ń fẹ́ obìnrin, wọ́n ní aṣẹ́wó ni, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n àwọn obìnrin ní Bedford Hills. Inú ilé ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe báà, kì í ṣe títì. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bá wà láìsí ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lójú ọlọ́pàá ìgbà yẹn, ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ dè é.

Ìgbìmọ̀ kan tún wà ní New York, Committee of Fourteen, àwọn gbajúmọ̀ ìlú tó ní àwọn ń gbógun ti aṣẹ́wó, láti 1905 títí di 1932. Wọ́n máa ń rán amí lọ sí ilé ọtí àti ilé ijó. Àwọn amí wọn tó jẹ́ òyìnbó ò lè wọ ibi tí àwọn dúdú nìkan wà káṣìírí má tú, ni wọ́n bá gba aláwọ̀ dúdú kan síṣẹ́ ní 1928 kó lọ máa jókòó ní Harlem, kó máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tá a mọ̀ lónìí nípa pátì wọ̀nyẹn, inú ìwé amí yẹn la ti rí i. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rántí, pé ẹni tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ló ń lọ kọ wọ́n.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé gbà wọ́n lọ́wọ́ láísẹ́ǹsì àti lọ́wọ́ bánsà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Àkàndé_Onítàn

Túndé, o gbá a mọ́lẹ̀, mo gbà. Mo yára jù níbẹ̀ yẹn.

Àǹtí_Ṣadé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti àárọ̀, ó yẹ kí n sùn ṣùgbọ́n n ò lè sùn mọ́, torí èmi wà níbẹ̀, kì í ṣe ní Harlem ayé àtijọ́ o, mo ń sọ ti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

Ìlú tí mo wà nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ òyìnbó jọ lọ sí kíláàbù kan lálẹ́ Fúráìdé. Òun ló ṣáájú. Bánsà ò wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn ní kó wọlé. Ó kàn mí, ó na ọwọ́. Mo fún un ní ìwé ìwakọ̀ mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sún mọ́ iná, ó ní mélòó ni mo ní. Mo ní kí ni mélòó. Ó ní ìdánimọ̀ mẹ́ta tó ní fọ́tò. Mẹ́ta! Mo wá yọ káàdì iléèwé mi. Ó ní ó ku ọ̀kan. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú báàgì, mò ń wá nǹkan tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn mi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé lọ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ta ló ń gbé ìdánimọ̀ mẹ́ta rìn? Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò níwèé ìwakọ̀ rárá ńkọ́?

Kì í ṣe èmi nìkan o, kì í sì í ṣe ìlú kan. Ní Washington wọ́n ti ń wọ́de lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1971, nígbà tí wọ́n ṣí báà ńlá kan tó ń jẹ́ Lost and Found, tó ń fi ìdánimọ̀ dá àwọn dúdú àti obìnrin dúró. Ní 1980 àwọn kan ní San Francisco dá ẹgbẹ́ Black and White Men Together sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́ jù lọ. Òfin ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé dúdú ò gbọ́dọ̀ wọlé, wọ́n kàn ń béèrè ìdánimọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá dá padà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi han adájọ́.

Bí àwa náà ṣe wá ibi tiwa nìyẹn. Ní Los Angeles, Jewel Thais-Williams, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ṣí kíláàbù Catch One ní 1973, ó sì wà lórí ẹ̀ títí di 2015, ẹ bá mi wo bó ṣe pẹ́ tó. Ní Washington, ClubHouse wà láti 1975 sí 1990. Ní New York, Paradise Garage ní 84 King Street, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni tẹ́lẹ̀, wọn ò ta ọtí, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń wọlé, Larry Levan, DJ ibẹ̀, á máa lu rẹ́kọ́ọ̀dù títí oòrùn á fi yọ. Wọ́n tì í ní 1987. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò bá ta ọtí, àjọ láísẹ́ǹsì ọtí ò rí i mú? David Mancuso, òyìnbó ni o, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń ṣe tiẹ̀ nínú ilé tó ń gbé láti 1970, ibi tí wọ́n ń pè ní Loft, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé ìpè, kò ta ọtí kò ta oúnjẹ, nígbà tí ìlú ní kó gba láísẹ́ǹsì ilé ijó, òun ló jàre ní 1975. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé pátì réǹtì tí Àkàndé ń sọ yẹn lòun ti mú un.

Mo fẹ́ kí Mọ́rẹ̀nikẹ́ mú èyí lọ síbẹ̀. Ní 29 oṣù kẹsàn-án 1982, ọlọ́pàá ya wọ Blue's, báà àwọn géè aláwọ̀ dúdú nítòsí Times Square. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Iléeṣẹ́ New York Times wà ní òdìkejì títì sí báà yẹn gan-an, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀. Àwọn tiwa wọ́de ní oṣù kẹwàá. Gbogbo yín lẹ mọ Stonewall. Ta ló ti gbọ́ Blue's rí nínú yín kí n tó sọ ọ́?

Kọ́lá_Détírọ́ìtì

Àǹtí, mi ò gbọ́ ọ rí, mo wà níbí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú tí mò ń gbé kún un. Ruth Ellis, wọ́n bí i ní 1899, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fẹ́ obìnrin, ó kó wá sí Detroit pẹ̀lú Babe Franklin, ẹni tí wọ́n jọ wà, ní bí ọdún 1937. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló mọ̀, inú ilé ẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ sí, ó ń tẹ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì àti oníṣòwò àdúgbò. Láti 1946 títí di 1971, ilé yẹn kan náà ni wọ́n ń pè ní Gay Spot. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn dúdú tí báà òyìnbó ò gbà, àwọn ọmọ tí wọ́n lé nílé, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á jó, wọ́n á ta káàdì, ẹni tí ebi ń pa á jẹun, ẹni tó wà níléèwé wọ́n á ràn án lọ́wọ́ ra ìwé. Mọ́rẹ̀nikẹ́, sọ fún ẹni tó ní ìtìjú yẹn pé ilé tó ń tẹ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì làwọn géè ti ń jó lálẹ́ Sátidé, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko.

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló wó o. Ìjọba ló ń tún ìlú ṣe, wọ́n gba àdúgbò àwọn dúdú, wọ́n wó ilé, ilé Ruth Ellis bá a lọ. Ìyẹn gan-an ló yẹ ká máa wò tá a bá ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, torí nígbà míì ìwé àwòrán ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí kóńdó ń ṣe. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni màmá nígbà tí wọ́n kú ní ọdún 2000, ilé kan wà ní Detroit báyìí tó ń jẹ́ orúkọ wọn, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ géè àti trans tí kò nílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní etí omi tí o mẹ́nu bà. Ní ìsàlẹ̀ Christopher Street ní New York, èbúté ọkọ̀ tó ti dẹ́kun iṣẹ́, tó ń jẹrà sínú odò, ibẹ̀ làwọn ọmọ dúdú àti Látínò (àwọn tí ìdílé wọn wá láti Látìn Amẹ́ríkà) tí kò lówó báà ń kóra jọ sí. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ìdánimọ̀. Ní 1998 ìjọba ṣòfin láti sọ etí odò yẹn di ọgbà ìgbafẹ́, nígbà tí wọ́n ṣí Pier 45 padà ní 2003 ó ti rẹwà, koríko tútù, ó sì ti ní aago tí wọ́n ń ti ibẹ̀, aago kan òru. Àwọn ará àdúgbò tó ti ń san owó ilé gọbọi ń ráhùn ariwo, wọ́n fẹ́ kí wọ́n tètè máa tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti dá ẹgbẹ́ FIERCE sílẹ̀ láti ọdún 2000, wọ́n ń lọ sípàdé àdúgbò, wọ́n ń sọ pé àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá sì lé wọn jáde sí títì, òfin 1976 kan wà níbẹ̀ dè wọ́n tó fàyè gba ọlọ́pàá láti mú ẹni tó bá ń dúró kiri pé aṣẹ́wó ni, obìnrin trans aláwọ̀ dúdú àti Látínò ni wọ́n ń fi mú jù, títí tí wọ́n fi fagi lé e ní oṣù kejì 2021.

Mọ́rẹ̀nikẹ́_A

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀: ẹnu ọ̀nà Rockland Palace ní ìdájí, ihò ilẹ̀kùn Stonewall, ọwọ́ tí bánsà na sí Àǹtí. Bọ̀dá Túndé, mo máa fi ti Mabel Hampton sí i, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ta kò wọ́n.

Àǹtí Ṣadé, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí bánsà ní ó ku ọ̀kan, níbo lẹ wá lọ?

Àǹtí_Ṣadé

Ọmọ mi, mo rò pé mi ò ní sọ èyí.

Ọ̀rẹ́ mi ti wà nínú, mi ò rí i pè. Mo yí padà, mo ń rìn lọ síbi tí màá ti wọ bọ́ọ̀sì, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n dá padà kí n tó dé ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń mu sìgá. Ó ní ṣé mẹ́ta ló béèrè lọ́wọ́ ìwọ náà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ju sìgá nù, ó ní máa bọ̀.

A wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ kalẹ̀, a rìn díẹ̀, a gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Mo ń gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n kò lọ sókè, wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ojú fèrèsé. Ìyá àgbà kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga onígi, agolo bisikíìtì wà lórí itan ẹ̀ tó ń kó owó sí. Ó wò mí. Ó ní, ta ló mú ọ wá? Obìnrin yẹn ní èmi ni. Ó ní dọ́là méjì, tó ò bá ní in, wọlé, wàá fọ abọ́. Wọ́n ń dín ẹja ní kíṣìn, yàrá ti kún, obìnrin ń bá obìnrin jó, ẹnì kan gba kóòtù lọ́wọ́ mi ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, ìyá àgbà yẹn na ọwọ́ sókè, ẹnì kan pa orin, gbogbo wa dákẹ́ fẹ́mú. Mọ́tò ọlọ́pàá ń kọjá nísàlẹ̀, ó rọra ń lọ, iná ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì wọlé, ó rìn lórí ògiri. A dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tí mò ń bá jó ṣì wà ní èjìká mi. Ó kọjá. Ìyá àgbà sọ ọwọ́ kalẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó dúró sí.

Mo ní dọ́là méjì lọ́wọ́, mo san án, mo ṣì fọ abọ́.